RAV4, Highlander àti 4Runner: Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn jíìpù Toyota yìí?

Lójú ọ̀pọ̀ olùrà ní Accra, jíìpù ni jíìpù ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú lásán ra ọkọ̀ lè ná owó rẹpẹtẹ sórí èyí tí kò bá ọ̀nà ilé rẹ̀ mu.

Púpọ̀ nínú àwọn tòkúnbọ̀ tó ń gba èbúté Tema wọ Ghana ló ti Amẹ́ríkà wá, Toyota sì pọ̀ nínú wọn.

Abẹ́ ọkọ̀ ni ìyàtọ̀ wà

RAV4 jáde lọ́dún 1994, Highlander tẹ̀lé e lọ́dún 2000. Bọ́dì àti ìsàlẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan, bíi ti Camry. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fúyẹ́, tí wọn kì í sì í mu epo jù. Èèyàn márùn-ún ni RAV4 sábà máa ń gbà, Highlander sì lè gba méje tàbí mẹ́jọ.

Ti 4Runner yàtọ̀. Lára Hilux ni wọ́n ti yọ ọ́ lọ́dún 1984, orí férémù irin ni bọ́dì rẹ̀ sì jókòó lé. Ó lè fara da ọ̀nà gbágungbàgun, àmọ́ ó ń mu epo, kò sì rọra bíi Highlander lórí títì ọlọ́dà.

Èwo ló yẹ ní rírà?

Ẹni tí kì í kọjá East Legon sí Osu, RAV4 tó o. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ pọ̀ lè wo Highlander. Ẹni tí ọ̀nà ilé rẹ̀ ń di ẹrẹ̀ lásìkò òjò ni 4Runner wúlò fún.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo jíìpù ni ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Kí mẹkáníìkì wo abẹ́ ọkọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́.