Èló Gan-an Lẹ Fẹ́ Ra Tèmi?

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù tí èmi àti mẹkáníìkì mi fi dé ọgbà mọ́tò kan ní Ring Road, ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ti ń da omi ọṣẹ sára àwọn ọkọ̀ tó tò lọ rẹrẹ: Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n sọ ní Muscle, àti Honda tí wọ́n ń pè ní End of Discussion. Mọ́tò tí a bá fẹ́ràn nílẹ̀ yìí, a máa ń sọ ọ́ lórúkọ ni, bí àwọn bàbá wa ṣe sọ Volkswagen ní Ìjàpá. Corolla 2005 tó ti ń gbé mi kiri fún ọdún 11 ni mo fẹ́ fi sílẹ̀, kí n fi owó lé e, kí n gbé Corolla 2010 tòkunbọ̀ lọ. Súwáàpù ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀wọ́n ọjà ló sún mi débẹ̀. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là tó wà ní bíi ₦460 gbéra, ó sì kọjá ₦1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ń fi dọ́là rà bá a gòkè. Ọ̀nà Kútọnu tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì sí mọ́, láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pé, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò fi kún un.

Ọmọkùnrin kan wá yí mọ́tò mi po. Ó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí. Ibi tí páńẹ́ẹ̀lì bítà bá ti lẹ pọ́tì mọ́, kì í dún bí irin, bí ẹni kan pákó ni. Fẹ́ńdà ọ̀tún dún bí pákó. "Kì í ṣe fáàsì bọ́dì o!" ó ké sí ọ̀gá rẹ̀. Ó ṣí bọ́néẹ̀tì, ó fa géèjì ọ́ìlì yọ, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní kí n ṣáná sí i, ó lọ dúró sẹ́yìn, ó ń wo sàléńsà, nítorí èéfín tó bá rú bíi àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Tèmi kò rú. Nígbà tó fẹ́ wà á yí ọgbà ká, mo sọ fún un pé: "Jíà rẹ̀ máa ń já tó bá ṣì tutù."

Mẹkáníìkì mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mi ò bínú sí i, ire mi ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni yóò wa mọ́tò yìí lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọmọ rẹ̀ lè wà lẹ́yìn.

Ó kan tiwọn. Corolla aláwọ̀ eérú kan ti wọ̀ mí lójú, ó ń dán bí abẹ́rẹ́. Mẹkáníìkì mi kò wo dídán. Ó ka nọ́ńbà ṣáásì lábẹ́ gíláàsì iwájú, ó tún ka ti ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi wọ́n wé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Nọ́ńbà àti lẹ́tà 17 ni, ìkẹwàá wọn ló ń sọ ọdún rẹ̀; A ló wà níbẹ̀, 2010 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Ló bá fa bẹ́líìtì ìjókòó, ó fà á, ó fà á, títí kò fi sí mọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ilà ẹrẹ̀ kan wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ tó ti mu omi ni. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa, ibi gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà wọ́n, àgbàrá a sì máa kó mọ́tò rẹpẹtẹ débẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló rì ní Houston nígbà ìjì Harvey lọ́dún 2017. Wọ́n á fọ ìjókòó, wọ́n á pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ta ló ń fọ ìdí bẹ́líìtì? Wáyà ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì mi lójú gbogbo wọn. A kọjá sórí Corolla aláró, bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Àlàájì tó ni ọgbà pè wá wọlé, ó fún wa lómi tútù. "Mọ́mì, ẹ fi mílíọ̀nù 5.5 lé tiyín, ẹ máa gbé e lọ."

Ibí ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Iye kan ṣoṣo lo gbọ́, ọjà méjì ló sì wà nínú rẹ̀: wọ́n ń tà fún ọ, wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ. Mo ní: "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, èló gan-an lẹ fẹ́ ra tèmi?" Ó ní mílíọ̀nù 2.5. A jẹ́ pé 8 ni wọ́n ń ta tiwọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àbúrò mi ọkùnrin ti lọ bá wọn ná Corolla méjèèjì lọ́jọ́ méjì ṣáájú, bí ẹni tó fẹ́ kówó sílẹ̀ láìní mọ́tò kankan, wọ́n sì jálẹ̀ sí 7.4 lórí aláró yìí. Yọ 5.5 kúrò nínú 7.4, ó ku 1.9. Iye tí wọ́n fẹ́ ra tèmi ní tòótọ́ nìyẹn.

Mo rọra là á fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní jíà yẹn á ná òun lówó, òótọ́ sì ni. A parí ẹ̀ sí 5. Bí mo bá tà á fúnra mi, màá rí jù 2.4 lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mò ń gbé, mi ò fẹ́ kí àwọn tí mi ò mọ̀ rí máa wá dán mọ́tò wò lẹ́nu ọ̀nà mi.

Mi ò kánjú nídìí ìwé. A kọ nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ méjèèjì, a fi ẹlẹ́rìí sí i, mo sì ní kí wọ́n kọ wákàtí mọ́ ọjọ́: 11:40 àárọ̀. Bí mọ́tò tí mo fi sílẹ̀ bá gbá èèyàn ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ta ni wọn yóò wá mú? Mo kó ẹrù mi kúrò nínú rẹ̀, mo rí bàtà ọmọ mi kan lábẹ́ ìjókòó. Ọmọ náà ti wà ní yunifásítì báyìí.

Kí n tó dé ẹnu géètì, wọ́n ti ń da ọṣẹ sára mọ́tò mi àtijọ́, obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n sì ń béèrè iye rẹ̀. Mo pa iná mọ́tò, mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sọ ti jíà náà fún un.