Eṣinṣin Tí Ń Jẹ Èrè Oníṣòwò Màlúù

Àwọn oníṣòwò ẹran láàrin àwọn òǹkàwé wa mọ̀ dájú pé màlúù lè ti Òkè Ọya dé pẹ̀lú ara dídán, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ díẹ̀ ní ilẹ̀ igbó tiwa, egungun ìhà rẹ̀ a yọ síta. A máa jẹ koríko, síbẹ̀ a máa rù sí i. Ojú rẹ̀ a máa ṣomi, èrìgì rẹ̀ a sì funfun bí ẹni pé a fa ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ gbẹ. Nígbà náà ni ẹjọ́ a bẹ̀rẹ̀: ẹni tí ó rà á a ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, ẹni tí ó tà á a ní ayé ni ó ṣe é. Àwa kò gba iṣẹ́ gbígbèjà àwọn tí ń ta màlúù. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ yìí, eṣinṣin ni ọ̀daràn.

Tsetse ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, ti akọ ti abo. Bí ó ti ń ta ẹran ni ó ń fi kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1895, ní Ubombo ní ilẹ̀ àwọn Zulu, David Bruce, oníṣègùn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá rí kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù tí àrùn nagana ń pa. Kò dúró níbẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹfọ̀n àti ìgalà tí kò ṣe àìsàn rárá, ó fi abẹ́rẹ́ fi í sára ajá. Ajá sì gba àrùn náà. Ẹ kíyè sí i: kòkòrò yìí ń gbé inú ẹran igbó láìpa á, bí ayálégbé tí ó ti pẹ́ nínú ilé, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ara àlejò, a di apani.

Ẹṣin pẹ̀lú jẹ́ àlejò bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí agbára wọn wà lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin, kò yé ra ẹṣin láti ìhà àríwá, nítorí kì í pẹ́ láyé lọ́dọ̀ wọn.

Àwọn ìjọba kan rò pé bí a bá pa ẹran igbó run, àrùn yóò tán. Ní Gúúsù Rhodesia, tí a ń pè ní Zimbabwe nísinsìnyí, láti 1932 wọ́n yìnbọn pa ẹran tí ó ju 300,000 lọ. Lóòótọ́ eṣinṣin dínkù ní àwọn ibì kan, ṣùgbọ́n lójú tiwa, iye tí a san ti pọ̀ jù. Ní erékùṣù Unguja ní Zanzibar, wọ́n sin akọ eṣinṣin, wọ́n sọ wọ́n di aláìlèbímọ, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ láàrin àwọn abo. Ní 1997 a kéde pé tsetse ti tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun ni ó yí wọn ká. Igbó tiwa kò ní odi.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sí, nítorí kòkòrò náà ń pààrọ̀ ẹ̀wù bí ọ̀gà: kí ara ẹran tó dá a mọ̀ tán, ẹ̀wù mìíràn ni ó ti wọ̀. Oògùn wà, ṣùgbọ́n àwọn tí ń bu oògùn sí méjì kí owó má baà pọ̀ ń kọ́ kòkòrò náà bí yóò ti yè é.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti màlúù kúkurú aláìníké tí àwọn Hausa ń pè ní muturu. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti ń gbé àárín eṣinṣin yìí. Kòkòrò a wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kì í sábà rù. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó kéré, tí wàrà rẹ̀ kò sì tó nǹkan, àwọn ẹlẹ́ran ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pa á jẹ, wọ́n ń jẹ́ kí akọ oníké gùn ún, iye rẹ̀ sì ń dínkù. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin màlúù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó, kí ó wá a lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé kí ó tó tán.