Bí Musk àti Bezos ṣe du iṣẹ́ òṣùpá mọ́ra wọn lọ́wọ́

Òṣùpá tí wọ́n máa ń gbójú sókè wá ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn bí ààwẹ̀ bá ń wọlé ti di ohun tí olówó méjì ń torí ẹ̀ fa wàhálà l'Amẹ́ríkà.

Lóṣù kẹrin, ọdún 2021, àjọ NASA gbé iṣẹ́ ọkọ̀ tí yóò gbé èèyàn balẹ̀ sínú òṣùpá fún SpaceX, iléeṣẹ́ Elon Musk, ní bílíọ̀nù 2.89 dọ́là. Owó tó wà nílẹ̀ kò ká agbaṣẹ́ṣe méjì. Ni Blue Origin ti Jeff Bezos bá fárígá, ó pe ìjọba lẹ́jọ́, ó sì pàdánù lóṣù kọkànlá ọdún náà.

Àmọ́ igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí agbaṣẹ́ṣe kan ṣoṣo bá kọsẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn; ẹni tó bá ti rí ọ̀nà tí wọ́n là dé ìdajì pa tì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lóṣù karùn-ún, ọdún 2023, NASA gbé iṣẹ́ bílíọ̀nù 3.4 dọ́là fún Blue Origin náà.