Ọmọ Ilé-Kéú àti Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì: Ohun Tí Náhúwù Ti Kọ́ Wa Tẹ́lẹ̀

  

Ẹ̀yin àbúrò mi ní kíláàsì ìdáádì àti ti tánáwì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́dọọdún ni à ń rí ọmọ tí ó parí tánáwì, tí ó lè dìde láàárín àwùjọ kí ó fi èdè Lárúbáwá ṣe wáàsí láìwo ìwé, ṣùgbọ́n tí ìlẹ̀kùn yunifásítì tì mọ́ ọn lójú nítorí Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ni ó ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà lára wọn, kódà lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ka Lárúbáwá gan-an. JAMB pàápàá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe dandan fún gbogbo ẹni tí ó bá jókòó sí ìdánwò rẹ̀. Ìmọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ kò dínkù o, ṣùgbọ́n ibi tí ì bá lò ó dé ni ó dínkù.

Àwọn kan ṣì ń wí pé èdè kèfèrí ni. Ẹ̀rù tí ó ba àwọn bàbá wa láyé ọjọ́un ní ìdí, nítorí ọwọ́ ìjọ Kristẹni ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà, ọmọ tí ó bá sì wọ ibẹ̀ lè má bá orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ jáde. Ìdí nìyí tí àwọn Mùsùlùmí Èkó fi dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, kí ọmọ wọn lè kàwé Òyìnbó láìfi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ fún Zayd ọmọ Thabit pé kí ó lọ kọ́ ìkọ̀wé àwọn Júù, kí ó lè máa bá òun ka lẹ́tà wọn. Gẹ́gẹ́ bí Tirmidhi ṣe gbà á wá, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni Zayd fi mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò wá wí pé kí á má kọ́ èdè ẹlòmíràn?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ọmọ ilé-kéú kò bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ òfìfo. Ẹni tí ó ti ka Àjúrúmíyà ti mọ olùwà, ó ti mọ àbọ̀, ó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò kéú ni kò ní irú ìpìlẹ̀ yìí. Bí a ṣe lè lò ó ni ó kù.

1. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó mú ọ̀rọ̀ kékeré dání

Èyí tí ó ń da ọ̀pọ̀ láàmú jù ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní phrasal verb: ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ọ̀rọ̀ kékeré bí "off", "up" tàbí "after" bá tẹ̀lé e, tí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò sì yí padà pátápátá. Àwọn ọmọ a máa kígbe pé kò ní òfin. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí harfu jarri ń ṣe nínú Lárúbáwá. "Raghiba fii" ni pé ó fẹ́ nǹkan. "Raghiba 'an" ni pé ó kọ nǹkan. "Maala ilaa" ni pé ó fà sí i. "Maala 'an" ni pé ó yà kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ọ̀rọ̀ kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó pa á dà. Kò sí àáfà tí ó kọ́ wa ní "raghiba" lásán láìfi ohun tí ó ń tẹ̀lé e kún un.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. "Look" ni kí á wo nǹkan. Ṣùgbọ́n "look after" ni kí á tọ́jú ènìyàn, "look for" ni kí á wá nǹkan, "look into" ni kí á yẹ ọ̀rọ̀ wò, "look down on" sì ni kí á fojú tẹ́ńbẹ́lú ènìyàn. "Put off" ni kí á sún nǹkan síwájú, "put out" ni kí á pa iná, "put up with" ni kí á fara dà á. Bí wọ́n bá "turn down" ẹ̀bẹ̀ yín, wọ́n kọ̀ ọ́ ni. Bí àlejò bá "turn up", ó yọjú ni. Ọmọ tí ó "takes after" bàbá rẹ̀ jọ ọ́. Ìyá tí ó "brings up" ọmọ, ó tọ́ ọ dàgbà ni.

2. Ibi tí àbọ̀ ń jókòó sí

Níbí ni Yorùbá wa ti wúlò. A ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, irú èyí tí àbọ̀ ń wọ àárín rẹ̀: bàjẹ́ di "ba ilé jẹ́", gbàgbọ́ di "gba Ọlọ́hun gbọ́". Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀. Bí àbọ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀nà méjèèjì ni ó dára: "They put off the meeting" tàbí "They put the meeting off". Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, àárín nìkan ni ó gbọ́dọ̀ wà, bí a ti ń wí pé "bà á jẹ́": "They put it off". Ẹni tí ó bá kọ "They put off it" ti pàdánù máàkì.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń là o. "Look after" kì í là: "She looks after him" ni, kì í ṣe "She looks him after". Àwọn olọ́rọ̀ mẹ́ta bí "put up with" àti "run out of" kì í là pẹ̀lú. Ẹ sì ṣọ́ "look forward to" tí à ń fi parí lẹ́tà: "I look forward to seeing you" ni ó tọ̀nà, kì í ṣe "to see you".

3. Àwọn ibi tí èdè wa ti ń fi ẹsẹ̀ kọ́ wa

Bí èdè méjì wọ̀nyí ti ń ràn wá lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tàn wá jẹ nígbà mìíràn.

(a) Lárúbáwá a máa wí pé "Abii fallaahun" láìní ọ̀rọ̀-ìṣe nínú. Ọmọ kéú á wá kọ "My father farmer". Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀: "My father is a farmer".

(b) Lárúbáwá a máa dá arọ́pò-orúkọ padà: "ar-rajulu lladhii ra'aytuhu". Èmi náà ti kọ "the man whom I saw him" rí, tí olùkọ́ mi fi yíǹkì pupa fa igi sí i. "The man whom I saw" ti tó. Yorùbá gan-an kò dá a padà: "ọkùnrin tí mo rí" ni à ń wí.

(d) Nínú Lárúbáwá, bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ṣáájú olùwà, ẹyọ ni ó máa ń jẹ́, bí olùwà tilẹ̀ pọ̀. Èyí ni ó ń mú wa kọ "There is many students". "There are many students" ni.

(e) Yorùbá a máa fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún àgbà. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìyẹn. Bàbá kan ṣoṣo, "he" ni, ìyá kan ṣoṣo, "she" ni.

(ẹ) "S" lára ọ̀rọ̀-orúkọ sábà máa ń fi ọ̀pọ̀ hàn, ṣùgbọ́n lára ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹyọ ni: "The boy reads", "The boys read". Bí "together with" tàbí "as well as" bá sì wọ àárín, olùwà àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò: "The teacher, together with his pupils, is coming".

4. Bí a ṣe lè máa fi dánra wò

Wàláà ni ó kọ́ wa ní Kùránì. A kọ ọ́, a kà á sókè, a tún un kà títí ó fi wọnú, kí á tó fọ̀ ọ́. Ẹ fi ọ̀nà kan náà mú Gẹ̀ẹ́sì. Phrasal verb márùn-ún lóòjọ́ tó, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ ní òun nìkan. Ẹ fi ṣe gbólóhùn nípa ilé yín, ọjà yín, ilé-kéú yín. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹ bo ìwé kí ẹ sì ka gbogbo rẹ̀ lórí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìbéèrè ìdánwò àtijọ́. Péépà ìbéèrè oní-yíyàn ti WAEC tí a ti mọ̀ tipẹ́ ní ìbéèrè 80 fún wákàtí kan, èyí tí kò fún ìbéèrè kan ju ìṣẹ́jú-àáyá 45 lọ. Nítorí náà, ẹ gbé aago síwájú. Kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ àṣìṣe yín sí. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni ó ń wò, kí ó lè mọ ohun tí ó gbé e ṣubú.

Ẹ dán ara yín wò:
1. The match was called ___ because of the rain.
2. We have run ___ of chalk.
3. Fatima takes ___ her mother.
4. The imam, as well as his sons, ___ here.
5. You have read this book, ___ you?

Ìdáhùn: 1. off, 2. out; 3. after, 4. is, 5. haven't. Ẹni tí ó bá kọ "isn't it" sí ìkarùn-ún, "àbí" Yorùbá ni ó tàn án jẹ.

Kí Ọlọ́hun ṣí wa lọ́kàn, kí Ó sì má jẹ́ kí èdè kan ṣoṣo dínà mọ́ ìmọ̀ tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún wá. Àmín. Wàsàláámù aláékùm.