Ẹ Má Tíì Ta Adìẹ Ìbílẹ̀ Yín: Bí Ẹyin Ṣe Ń Dọmọ Nínú Ọgbà, Tí Ìran Ẹ̀ Ò Ní Pa Run

OHÙN KÌÍNÍ

Ìyá wa kan ní Súlèjà ló béèrè lánàá pé ṣé kí òun kó gbogbo adìẹ ìbílẹ̀ òun tà, kí òun fi owó ẹ̀ ra àwọn adìẹ tí wọ́n ń gbé kiri nínú páálí. Ẹnu ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ pọ̀ ju ohun téèyàn ń tẹ̀ lórí fóònù lọ. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà wọ́n.

Adìẹ inú páálí dáa lóòótọ́. Ó ń tètè tóbi, ó sì ń yé ẹyin púpọ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kì í sàba. Adìẹ tó bá ń sàba kì í yé ẹyin lásìkò yẹn, nítorí náà àwọn tó ń ṣa irú wọn ti yọ sísàba kúrò nínú ìran wọn. Bí èyí tí ẹ rà bá tán, ẹ óò tún lọ rà ni. Tiwa ló ń yé, òun náà ló ń sàba, òun ló ń pamọ, òun ló ń tọ́ ọ. Owó tó ń bí owó ni. Bí àkùkọ inú páálí bá wá ń gun àgbébọ̀ yín, lẹ́yìn ìran méjì mẹ́ta, ẹ lè wá èyí tó máa sàba kẹ́ ẹ má rí. Ẹni tó bá fẹ́ sin méjèèjì, kó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn tó ń ṣèwádìí pín adìẹ ìbílẹ̀ Nàìjíríà sí oríṣiríṣi, lára wọn ni ti Fúlàní àti ti Yorùbá. Ti Fúlàní tí à ń rí lókè ọya níbí tóbi ju tiwa lọ, ẹyin ẹ̀ náà tóbi jù. Èmi, ti Fúlàní ni mò ń sìn. Èyí tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn dáa fún ibi tó gbóná bíi Kánò, torí ooru ń rọ́nà jáde lára ẹ̀. Èyí tí ìyẹ́ ẹ̀ ká sókè náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi akọ tó rí bẹ́ẹ̀ gun abo tó rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 1 nínú 4 àwọn ọmọ wọn ni ìyẹ́ ẹ̀ á máa ṣẹ́ dànù, tí òtútù á sì máa mú un. Akọ tó ká, abo tí ìyẹ́ ẹ̀ tẹ́: ó parí. Òpìpì ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé, àmọ́ ẹlòmíì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó sàba, torí ìyẹ́ apá ẹ̀ ò tó bo ẹyin àti ọmọ.

OHÙN KEJÌ

Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ẹyin ló kàn.

Àkùkọ 1 sí àgbébọ̀ 8 tàbí 10, ó tó. Bí adìẹ bá ti ń yé, ẹ máa kó ẹyin ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ fi 1 sílẹ̀ kó má bàa sá kúrò nídìí ìtẹ́. Ẹ fi páálí ẹyin tọ́jú wọn, kí ibi ṣónṣó wà nísàlẹ̀, nínú yàrá tó tutù jù nílé. Ẹ má kó o sínú fíríìjì, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Kó má ju ọjọ́ 7 lọ. Lásìkò ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ọmọ inú ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà nínú ooru yàrá, kó sì kú kí adìẹ tó jókòó lé e. Ẹyin tó bá wọ mọ́tò wá láti ìlú míì, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ kan.

Bí adìẹ bá ti jókòó tí kò fẹ́ dìde mọ́, ẹ dúró di alẹ́, kẹ́ ẹ wá kó ẹyin 10 sí 12 sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn á ṣe pa lọ́jọ́ kan. Ẹ gbọn eérú sínú koríko ìtẹ́ nítorí kòkòrò. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ sítòsí, kó má bàa rìn jìnnà kí ẹyin ó tutù.

Ní ọjọ́ keje, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹyin nínú òkùnkùn. Èyí tí ẹ bá rí iṣan pupa nínú ẹ̀ bí okùn aláǹtakùn, ó wà láàyè. Èyí tó mọ́ gaara, kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ mú un kúrò. Òbu tó bá bẹ́ sábẹ́ adìẹ á ba ìyókù jẹ́.

Ọjọ́ 21 ló ń pa. Ẹ má bá ọmọ fọ́ èèpo. Ọmọ tuntun lè fara dà á fún odindi ọjọ́ kan láìjẹun, torí ó ti fa pupa ẹyin sínú.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ ìpamọ: ìwọ̀n ooru 37.5, kẹ́ ẹ máa yí ẹyin padà ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Láti ọjọ́ 18, ẹ má yí i mọ́, ẹ fi omi kún inú ẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ẹ má sì máa ṣí i wò. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó náwó sí i, ẹ rántí iná. Àgbébọ̀ ò mọ̀ bóyá NEPA mú iná lọ.

OHÙN KẸTA

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí, ẹ fetí sílẹ̀. Pípa ò nira, kí ọmọ yè ló nira. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tẹ̀ lé ìyá ẹ̀ jáde fàlàlà. Àṣá wà lókè, ológbò wà nílẹ̀. Ẹ fi agbọ̀n bò wọ́n, ẹ fún wọn ní àgbàdo tàbí jéró tí wọ́n lọ̀ kúnná, àti ikán bẹ́ ẹ bá rí. Bí adìẹ méjì bá pa lọ́jọ́ kan náà, ẹ kó gbogbo ọmọ fún ọ̀kan lálẹ́. Èkejì á tètè padà sí yíyé.

Àrùn tó ń gbá ọgbà mọ́ ni èyí tí à ń pè ní lúkúlúkú. Ọrùn á lọ́, ìgbẹ́ á di àwọ̀ ewé, ọmọ àtàgbà á máa ṣubú. Kò sóògùn tó ń wò ó, àjẹsára nìkan ló ń dènà ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, NVRI, ń ṣe é. Ẹ béèrè I-2 lọ́wọ́ dókítà ẹran: ẹ̀kán 1 sójú adìẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ ṣe é kí ọyẹ́ tó dé, torí ìgbà yẹn ló máa ń jà jù. Inú yìnyín ni kẹ́ ẹ gbé e délé. Adìẹ tí ẹ bá rà lọ́jà, ẹ so ó sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kó tó dara pọ̀ mọ́ tilé.

Ìkẹyìn: ẹ má jẹ́ kí bàbá máa gun ọmọ ẹ̀. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹyin á máa ṣe òbu, ọmọ á máa ṣe hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹ so òwú aláwọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ìyá kan náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bá a ṣe ń kọ àwìn. Ìyá tó sàba dáadáa, tọ́mọ ẹ̀ sì yè, irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú sílẹ̀. Àwọn ìyókù ni ti ọjà. Èèyàn máa ń ta èyí tó tóbi jù nígbà ọdún torí owó ẹ̀ pọ̀, a óò wá ku àwọn kéékèèké nílé. Díẹ̀díẹ̀ báyẹn ni ìran fi ń bàjẹ́.

Àǹfààní ẹgbẹ́ wa rèé. Ìlú wa yàtọ̀ síra, a lè máa pààrọ̀ àkùkọ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ní àkùkọ tó dáa, tó ti gba àjẹsára, kó ju fọ́tò ẹ̀ síbí. Màmá Súlèjà, ẹ ta àwọn akọ tó pọ̀ jù, ẹ fi owó ẹ̀ ra àjẹsára, kẹ́ ẹ mú àgbébọ̀ mẹ́fà tó dáa jù sílẹ̀. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ra tinú páálí lẹ́yìn ìyẹn, kò burú, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ pé òun nìkan lẹ gbójú lé.