Àmì Inú Ìwé Ìlò Kọ̀ǹpútà

Nínú ìwé ìlò kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a ń tẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àmì tí ó ń ṣàlàyé rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan nìyí, àṣẹ tí a fi ń pa fáìlì rẹ́ nínú Unix:

rm [-i | -f] <fáìlì> ...

Bí rm ti rí ni a ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó wà láàárín [ ] kò pọn dandan. Àmì | ní kí a yan ọ̀kan: -i ń béèrè kí ó tó pa fáìlì rẹ́, -f kì í béèrè. Orúkọ fáìlì gan-an ni a ń fi rọ́pò <fáìlì>, àmì... sì fi hàn pé orúkọ náà lè ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, rm -i ìtàn1 ìtàn2 tọ̀nà.

A kì í tẹ àwọn àmì náà fúnra wọn. Bí a bá ṣèèṣì tẹ >, Unix lè nu gbogbo ohun tí ó wà nínú fáìlì tí a dárúkọ tẹ̀ lé e nù.

Lọ́dọ̀ onímọ̀ èdè, ìró ni [ ] ń fi hàn. Níhìn-ín, iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe. Ní ti < > àti |, àwọn ni a fi kọ òfin gírámà èdè ALGOL 60 ní 1960.

Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú < >. Kò gbọdọ̀ túmọ̀ rm, nítorí kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ ọ́n mọ́.