Ọ̀nà Tí Ọmọ Àgbẹ̀ Fi Lè Di Nọ́ọ̀sì Tòótọ́

Ní ọdọọdún, nígbà tí èsì ìdánwò àṣejáde girama bá jáde, ìbéèrè kan náà ni a máa ń gbọ́ láti ẹnu àwọn òbí ní Mọníyà, ní Lálúpọn, ní Ẹ̀rúnmú àti ní Àkànrán: “Ọmọ wa wí pé nọ́ọ̀sì ni òun yóò ṣe. Ọ̀nà wo ni kí a gbà?” Ìbéèrè rere ni. Kò sí ilé kan ní agbègbè Ìbàdàn tí kò mọ iyì nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí ń rí gbà ní ẹ̀bá ọ̀nà kì í ṣe òtítọ́, owó tí wọ́n sì ń ná lé e lórí kò kéré. Nítorí náà ni a ṣe pinnu láti sọ ọ́ lónìí bí ó ti rí gan-an.

Bàbá kan, àgbẹ̀ kòkó ní ìhà Ọ̀nà-Àrà, wá bá wa ní àìpẹ́ yìí pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kan tí a fi gíláàsì bò. Ó ti fi ọmọbìnrin rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ onílé-ìwòsàn kan fún ọdún méjì gbáko. Ó san owó ìkọ́ṣẹ́, ó ra aṣọ funfun, ó ra fìlà. Ọmọ náà gbá ilẹ̀, ó fọ aṣọ, ó kọ́ bí a ti ń gún abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ tí ó gba òmìnira, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tí ó gbé ìwé náà dé ilé-ìwòsàn ìjọba, wọ́n sọ fún un pé kò wúlò fún ohunkóhun níbẹ̀. Bàbá náà bi wá pé, “Ẹ dákun, ṣé ọdún méjì náà ti ṣòfò ni?”

Kì í ṣe òun nìkan ni ó kó sí irú èyí, a sì mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá mọ iṣẹ́ kíkọ́ dáradára. A ó mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, a ó san owó, ọmọ yóò sìn títí ọdún rẹ̀ yóò fi pé, ọ̀gá yóò sì súre fún un. Báyìí ni a ti ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ àti iṣẹ́ kápẹ́ńtà, kò sì sí àléébù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí abẹ́ ìlànà yìí. Láti ọdún 1947 ni a ti dá Ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí ń kọ orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Nàìjíríà sínú ìwé. Òfin ọdún 1979 sì kó ti nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí pọ̀ sí abẹ́ Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Nursing Council. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé Ìgbìmọ̀ yìí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bí ó ti wù kí aṣọ rẹ̀ funfun tó. Àwọn tí a ń pè ní “ọ̀sílárì” kò sí nínú ìwé náà, ọdún tí wọ́n sì lò kò dín ọjọ́ kan kù nínú ọdún ẹ̀kọ́ tòótọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Nínú ìdí ọmọ, iṣan ńlá kan wà tí ó gbà ibẹ̀ kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ ibi tí iṣan náà gbé wà bá gún abẹ́rẹ́ bà á, ẹsẹ̀ náà lè rọ, ọmọ tí ibà lásán ṣe lè máa tiro títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. A kò bá ọmọbìnrin tí ó gún abẹ́rẹ́ náà wí. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó ṣe. Àwọn tí ó gba owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni ó yẹ kí a bi léèrè.

Ǹjẹ́ ọ̀nà tòótọ́ ńkọ́? Ìwé ẹ̀rí WAEC tàbí NECO ni ẹnu-ọ̀nà àkọ́kọ́, pẹ̀lú krẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàólọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. A lè kó márààrún jọ nínú ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Wọn kì í gba ti ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ní ibi Físíìsì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé ti ń kọsẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé wọn kò ní làákàyè. Nígbà tí ọmọ bá wọ kíláàsì àgbà àkọ́kọ́ ní girama, a ó pín wọn sí ọ̀nà ẹ̀kọ́. Bí ilé-ìwé abúlé kò bá ní olùkọ́ Físíìsì, tàbí tí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó ń pín ara rẹ̀ sí kíláàsì mẹ́ta, ó rọrùn fún ọ̀gá ilé-ìwé láti kó àwọn ọmọbìnrin sí ìhà kejì, níbi tí wọn yóò ti máa kọ́ Gọ́fúmẹ́ǹtì àti ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ń ṣe ọkàn ọmọ ní rere, àwa kò sì ní sọ ohun mìíràn; síbẹ̀ kò lè dúró ní ipò Físíìsì ní ẹnu-ọ̀nà yìí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọmọ yóò mú èsì rere wá sílé, bàbá yóò pa adìyẹ, kò sì sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì kan tí yóò gbà á. Nítorí náà, òbí tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣe nọ́ọ̀sì, kí ó lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé ní ọdún tí ọmọ náà ń wọ kíláàsì àgbà, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ èsì. Ní àwọn ilé-ìwé kan, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ a máa dá owó jọ láti fi gba olùkọ́ tí ìjọba kò rán wá. Lójú tiwa, owó bẹ́ẹ̀ sàn ju owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èyí tí ó súnmọ́ wa jùlọ ni ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Elẹ́yẹlé. Ti UCH náà wà ní Ìbàdàn. Àwọn Onítẹ̀bọmi ní tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn Àgùdà sì ní ti Láńtòrò ní Abẹ́òkúta. Ní àtijọ́, ọdún mẹ́ta ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ti agbẹ̀bí yóò tún padà lọ kọ́ ọ. Nísinsìnyí a ti ń yí àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń fúnni ní díplómà, ọdún méjì fún ti ìsàlẹ̀ àti ọdún méjì fún ti òkè. Ẹni tí ó bá fẹ́ oyè yunifásítì yóò lo ọdún márùn-ún. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí láti ọdún 1965. Èyíkéyìí tí ọmọ bá gbà, ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò Ìgbìmọ̀ kí ó tó gba ìwé-àṣẹ, a sì máa ń sọ ìwé-àṣẹ náà di ọ̀tun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìlera mìíràn tún wà ní Elẹ́yẹlé kan náà, tí ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fún àwọn ìletò. Iṣẹ́ gidi ni, ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tí ń fi orúkọ sílẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni a sì ń bá pàdé jùlọ ní àwọn ilé ìlera ní oko. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kí òbí mọ èyí tí ó ń san owó rẹ̀.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ ẹrú ni. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe tuntun. Olóyè Kofoworola Pratt, tí a bí ní Èkó, olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe nítorí pé àwọn ará ilé rẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún un. Ní 1946 ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé-ìwòsàn St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́nì UCH Ìbàdàn níhìn-ín, ní 1973 sì ni a fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Àwọn ọmọkùnrin náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

A gbọ́ bákan náà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ní ọmọ ní Amẹ́ríkà pé ọdún méjì péré ni àwọn kan fi ń di nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Obìnrin olùkọ́ nọ́ọ̀sì kan, Mildred Montag, ni ó gbé ìlànà náà kalẹ̀. Ní 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, níbi tí owó ẹ̀kọ́ kò ti wọ́n bíi ti yunifásítì. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú, ìdánwò ìjọba ni ó ń fúnni ní àṣẹ, kì í ṣe ìwé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnni. Ẹni tí ó bá sì ń fi ọkàn sí òkè òkun kí ó tó parí ti ilé, kí ó mọ̀ pé ní oṣù Kejì ọdún 2024 Ìgbìmọ̀ wa pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tí ó gba ìwé-àṣẹ kí òun tó lè jẹ́rìí rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn sí i ní Àbújá àti ní Èkó. Ẹjọ́ wọn kò ṣàìní ìtumọ̀. Síbẹ̀ àwa tí a ń gbé níhìn-ín mọ iye ìgbà tí aláboyún ti dé ilé ìlera ní òru tí kò bá ẹnìkan níbẹ̀.

Ní ti bàbá tí ó wá bá wa, ìdáhùn tí a fún un nìyí. Owó náà ti lọ, ìwé inú gíláàsì kò sì lè ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, ó ní krẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Bàólọ́jì àti Ìṣirò, ó ṣì ku ìdánwò kan fún un. WAEC ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí kò sí ní ilé-ìwé mọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ti àkọ́kọ́ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni ó kù. A bá a wá olùkọ́ kan ní Ẹgbẹ́dá tí yóò máa kọ́ ọ ní ọjọ́ Sátidé, a sì sọ fún un pé kí ó gba fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó pa á dé.